Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ilé Ọlọ́kọ̀

Bí ènìyàn bá ń bá Munawwarah sọ̀rọ̀, tó wá dé ibì kan tó dánu dúró, tó ní, "Ṣebí o mọ ohun tí mò ń wí?", èsì kan ṣoṣo ló máa ń gbọ́: "Rárá o. Ẹ wí i." Kì í rẹ́rìn-ín sí i. Kì í mi orí bí àwọn tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè tán kí wọ́n lè lọ jẹun. Yóò dúró, yóò tẹjú mọ́ ẹni náà, títí ẹni náà yóò fi sọ ìyókù tàbí kó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń bá tiwọn lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń kọ́ni ní Ìkòròdú sọ ọ́ ní Dókítà Ẹ-Wí-I. Ó gbọ́. Kò dùn ún.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí i, ní apá Èkó-Ẹ̀pẹ́, ní àdúgbò àwọn tó bá ọba wọn gba orí ọ̀sà sá kúrò ní Èkó nígbà tí àwọn òyìnbó fi àgbá fọ́ ìlú lọ́dún 1851. Ní àdúgbò yẹn, wọn kì í fi ilé díwọ̀n ènìyàn, wọn kì í fi mọ́tò díwọ̀n rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ta ni baba ńlá rẹ? Ọkọ̀ wo ló bá dé? Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ bá ọba dé, iwájú ló ń jókòó ní mọ́sálásí, iwájú ló ń jókòó níbi ìgbéyàwó, iwájú náà ni nígbà ọdún Káyọ̀káyọ̀ tí wọ́n fi ń rántí ìgúnlẹ̀ wọn. Ẹni tó dé lẹ́yìn, kó jókòó sẹ́yìn. Àwọn ọba ti wàjà, àwọn òyìnbó ti kó ẹrù wọn lọ, ìjókòó náà kò yí padà.

Ilé Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń pe agbo ilé ti Munawwarah. Inú oríkì wọn ni orúkọ náà ti wá: "Ọmọ ọlọ́kọ̀ àkọ́dé," ọmọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé náà a máa gbé àyà sókè bí wọ́n bá ń wí i. Wọn kì í wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Baba Munawwarah kú nígbà tó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbúrò baba rẹ̀, Alhaji Lùkúmàn, tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà tà fún àwọn tó ń kọ́lé, ló rán an ní ilé-ẹ̀kọ́ títí dé yunifásítì. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Kò sí àwùjọ tí kì í ti í wí i: "Èmi ni mo sọ ọ́ di Dókítà." Àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́, Munawwarah a kúnlẹ̀, a dúpẹ́, a dìde. Ó mọ̀ pé oore ni. Ó sì mọ̀ pé ẹni tó ń fi oore rẹ̀ kọ́ ènìyàn lọ́rùn lójoojúmọ́, okùn ló ń hun.

Ohun tí Munawwarah wá fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ni kò yé Alhaji rárá. Ìtàn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn Ẹ̀pẹ́. Nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, ọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà tó wà lábẹ́ rẹ̀ búra pé Póòpù kò ní agbára láti yọ òun lórí oyè. Ẹni tó bá búra ti ṣẹ Póòpù. Ẹni tó bá kọ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kọ ìwé lé ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló ni ọkàn ènìyàn, ọba ni àbí Ọlọ́run? Bí ọba bá ní kí n búra, tí ẹ̀rí ọkàn mi ní kí n má búra, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Iṣẹ́ Munawwarah nìyẹn: ó ń ka ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kọ, ó ń wá ibi tí èrò kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá, ó ń wò ó bóyá ohun tí ayé sọ pé wọ́n wí náà ni wọ́n wí lóòótọ́.

"Dókítà, ta ló rán yín sí ọ̀rọ̀ àwọn Àgùdà?" Wùnmí, tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì, máa ń bi í. "Mùsùlùmí ni yín o."

"Ẹni tó ń kọ ìwé nípa ejò, ṣé ejò ni?"

"Ó ti dáa. Ẹ má ṣáà bù mí jẹ."

Ohun tí Munawwarah rí nínú ìwé wọ̀nyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ náà jiyàn lórí ohun tí ẹ̀rí ọkàn í ṣe gan-an. Àwọn kan ní adájọ́ ni, ó jókòó sínú ènìyàn, ó ń dá ẹjọ́. Àwọn kan ní ẹlẹ́rìí ni. Àwọn kan ní ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ òpìtàn tó ti ka àríyànjiyàn yìí kà á sí eré ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n fò ó kọjá. Munawwarah kò fò ó, nítorí èdè tó fi ń ronú kò jẹ́ kó fò ó. Ní Yorùbá, orúkọ nǹkan náà ti yanjú ọ̀rọ̀ tán: ẹ̀rí ni. "Rí" wà nínú ẹ̀rí. Adájọ́, ọba lè yàn án, ọba lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọba tó lè pàṣẹ fún ẹlẹ́rìí pé kó ti rí ohun tí kò rí. Orí gbólóhùn yìí ló kọ́ odindi ìwé lé. Ó padà sí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà kọ, ó fi hàn pé àwọn tó pe ẹ̀rí ọkàn ní ẹlẹ́rìí ni ọba bẹ̀rù jù, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé kan lókè òkun gba ìwé náà, kò pariwo. Ó gbà pé ó yẹ kí wọ́n gbà á.

Orí kan wà nínú ìwé náà tó dá lórí àrékérekè kan tí àwọn àlùfáà Àgùdà ìgbà náà fi ń bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ọba. Bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn, tó ní, "Ṣé àlùfáà wà nínú ilé yìí?", onílé á ní, "Kò sí àlùfáà níbí," á wá sọ ìyókù nínú ọkàn rẹ̀: "tí mo lè fi hàn yín." Wọ́n ní irọ́ kọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run tó ń gbọ́ ti ẹnu tó ń gbọ́ ti inú ti gbọ́ odindi gbólóhùn náà, òótọ́ sì ni. Munawwarah ka àwíjàre wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó káàánú wọn, nítorí ikú ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò gbà fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí oyè Baba Àdínì ṣófo ní mọ́sálásí àdúgbò wọn ní Ẹ̀pẹ́.

Baba Àdínì ni àgbà tó ń dúró lẹ́yìn Ìmáàmù nínú gbogbo ètò ẹ̀sìn àdúgbò. Àṣà ibẹ̀ ni pé ilé tí baba ńlá wọn bá ọba dé nìkan ló lè jẹ ẹ́. Ẹni méjì ló ń du ú: Alhaji Saheed láti ilé kejì, àti Alhaji Lùkúmàn. Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹlẹ́rìí kan wá tí yóò gbé Kùránì, tí yóò sọ bí baba ńlá wọn ṣe dé. Alhaji Lùkúmàn kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Dókítà ìtàn nílé. Ó pe Munawwarah lórí fóònù pé kó máa bọ̀.

Ó wọ ọkọ̀ ní Ìgbògbò níbi tó ń gbé, ó gba ọ̀nà Ìtóìkín, ó dé Ẹ̀pẹ́ kí oòrùn tó mú. Ó bá Alhaji nínú pálọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Alfa Qamardeen, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé dé ilẹ̀ Lárúbáwá, tó sì ti di ẹnu Alhaji ní mọ́sálásí.

"Dókítà Ilé Ọlọ́kọ̀!" Alhaji na ọwọ́ méjèèjì. "Jókòó, jókòó. Ṣé ọ̀nà ò fìyà jẹ ẹ́?"

"Ó fìyà jẹ wá, Bàbá Alájì. Ẹ kú ilé, sà."

"O ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oyè. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn àsàláátù, wàá dìde, wàá gbè mí lẹ́yìn. Ó parí."

"Ẹni tó ń gbeni lẹ́yìn, sà, alágbàwí là ń pè é."

"Kí wá ni ìyàtọ̀?"

"Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ ti rí nǹkan tàbí kó mọ nǹkan. Ohun tí mo mọ̀, kò ní dùn mọ́ yín nínú."

Alhaji wo Alfa. Alfa wo ilẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ ohun tó mọ̀. Nígbà tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ó ti jókòó ti àwọn ìyáàgbà ilé náà, ó sì bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó kú tán. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ. Baba ńlá wọn kò bá ọba sá. Oníṣòwò epo ni, láti Ẹ̀jìnrìn. Ọkọ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ epo tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó-Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn tí àwọn tó sá wá ti tẹ̀dó tán. Ó rí i pé wọ́n ń fẹ́ epo, ó tún padà wá, ó fẹ́yàwó, kò lọ mọ́. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ilé Ọlọ́kọ̀ ló sọ ọ́ di ìtìjú nígbà tí wọ́n gé oríkì náà sí méjì, tí wọ́n ń wí ìdajì.

Alfa Qamardeen nà ró lórí àga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n là á yé yín. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ parọ́. Aúsùbílááhì! Ohun tí ẹ máa sọ kò ju pé, 'Baba ńlá wa wà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́.' Ṣé irọ́ ni? Kì í ṣe irọ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé epo wọ ìlú. Ìyókù yẹn, ẹ fi sínú. Ọlọ́run tó mọ inú ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn baba wa náà kúkú sọ ọ́: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi."

Munawwarah bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Alfa, ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Ọgbọ́n orí ni."

"Irinwó ọdún ni ọgbọ́n orí yẹn. Wọ́n ti so ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìwé nípa rẹ̀ kọ́."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"O sì ti ba òwe jẹ́," ó ní. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ta ló ń sọ ọ́ di odindi? Ẹni tó gbọ́ ọ ni. Òwe yẹn fi ìyókù síkàáwọ́ olùgbọ́, nítorí olùgbọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ìwọ ní kí n fi ìyókù síbi tí olùgbọ́ ò ti ní í rí i láéláé. Kì í ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Olè ni. Ìdajì ọ̀rọ̀ ènìyàn lo jí gbé."

"Ẹ gbọ́, Alhaji, wọ́n ń pè mí lólè."

"Mi ò tíì pè ọ́. Sọ́ńdè ò tíì pé."

Alhaji Lùkúmàn mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó sì rọ ohùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ ariwo. Ìyá ẹ wà ní ẹ̀yìn ilé níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ta ló lé e? Kò sẹ́ni tó lé e. Yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀. Inú ilé ọkọ rẹ̀ ló wà. Ó yẹ kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ṣebí o mọ ohun tí mò ń wí?"

"Rárá, Bàbá Alájì. Ẹ wí i."

Alhaji ò rò pé yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ sí òun. Ó wò ó. Munawwarah náà wò ó. Ọwọ́ dúró lórí tẹ̀sùbáà.

"Ẹ wí i, sà. Mo ń gbọ́."

"Bí o bá dójú tì mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè," ni Alhaji wí, ohùn rẹ̀ ti le, "kí ìyá ẹ wá ilé gbé."

"Mo ti gbọ́. Ẹ ṣé, sà." Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ìyá rẹ̀, Mùlíkátù, wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹja tó ń yan. Èéfín bo ojú rẹ̀.

"Màmá, Bàbá Alájì ní bí mo bá sọ òtítọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí ẹ wá ilé gbé."

Mùlíkátù kò gbójú sókè. "Ó là á lẹ́nu?"

"Mo ní kó wí i."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Láti ọdún tí baba rẹ ti kú ló ti ń fi ojú wí i fún mi. Kò wá sí mi lọ́kàn kí n ní kó là á lẹ́nu." Ó yí ẹja kan, ó yọ ẹ̀gún kúrò lára rẹ̀. "Ilé rẹ ní Ìgbògbò yẹn, ṣé omi wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ omi wà."

"Ààrò ńkọ́?"

"A ó mọ ọ̀kan."

Ibojì ọkọ Mùlíkátù wà lẹ́yìn ògiri tó dojú kọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń tu koríko ibẹ̀. Inú ilé yẹn ni wọ́n gbé e wọ̀ ní ìyàwó. Kò sí ohun tó wà ní Ìgbògbò tí yóò dípò ìyẹn, Munawwarah sì mọ̀. Kò tan ìyá rẹ̀ jẹ. Kò sọ pé yóò dára, kò sọ pé Alhaji yóò yí ọkàn padà. Ó jókòó sórí àpótí, ó dúró de èsì.

"Àwọn tó kù ní àdúgbò yìí," ni Mùlíkátù wá sọ, "ìbọn ló lé baba ńlá tiwọn wá. Tiwa, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wá. Èwo ló ń tini lójú nínú méjèèjì? Lọ sọ ohun tí o mọ̀. Kó o tó lọ, bá mi fẹ́ iná yìí."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn àsàláátù, gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí kún. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Alhaji Toheeb, adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, ló ṣe alága. Ẹlẹ́rìí ilé kejì ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kò pẹ́. Nígbà tó kan Ilé Ọlọ́kọ̀, Munawwarah ti ṣe àlùwàlá. Ó jáde síwájú, ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ó búra pé òun yóò sọ ohun tí òun mọ̀.

Alhaji Toheeb wo ìwé kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan ni. Ǹjẹ́ baba ńlá Ilé Ọlọ́kọ̀ wà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́?"

Kò bèèrè ọkọ̀ àkọ́kọ́ wo. Adájọ́ tó lo gbogbo ayé rẹ̀ ní kóòtù kì í ṣèèṣì gbàgbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bèèrè àbọ̀, àbọ̀ ló fẹ́ gbọ́. Munawwarah rí i kedere bó ṣe máa ń rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé àtijọ́.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní.

"Àlùhámúdùlíláì!" Alhaji Lùkúmàn ti dìde tán. Alfa Qamardeen ti na ọwọ́ sókè láti ṣe àdúà. Àwọn ènìyàn tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn.

"Bàbá Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Gbólóhùn mi ò tíì parí."

Alhaji jókòó padà.

"Ó wà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé epo láti Ẹ̀jìnrìn wọ èbúté wa. Nígbà tó dé, àwọn tó bá ọba sá kúrò ní Èkó ti wà níbí, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti ń bímọ. Kò bá wọn dé. Ẹnu àwọn ìyáàgbà ilé wa ni mo ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó kú. Oríkì wa náà sọ ọ́, fún ẹni tó bá wí i tán. Ìdajì tí wọ́n ní kí n fi sínú nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ síta."

"Ta ló ní kí ẹ fi sínú?" Ẹnìkan láti ilé kejì ló bèèrè, pẹ̀lú ìdùnnú.

"Alhaji Lùkúmàn àti Alfa Qamardeen."

Kò wò wọ́n nígbà tó ń dárúkọ wọn. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ó ṣe máa ń dárúkọ ọ̀mọ̀wé tó ṣì ìwé kà ló ṣe dárúkọ wọn.

Ariwo ta. "Aláìmoore!" "Ẹni tó rán an ní ilé-ìwé ló fi ilé-ìwé bú!" "Ohun tí ìwé kíkà ń sọ obìnrin dà nìyẹn!" Alfa Qamardeen ń pariwo pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀, pé àlàyé lásán ni òun ṣe. Alhaji Toheeb lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́.

"Dókítà, oríkì tí gbogbo ayé mọ̀ ni 'Ọmọ ọlọ́kọ̀ àkọ́dé'. Ìyókù wo lẹ ń wí?"

Kí Munawwarah tó la ẹnu, ohùn kan ti jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Kò pariwo. Bí àwọn ìyàwó ilé ṣe máa ń ki ọkọ láàárọ̀ ni ó ṣe kì í, tí kò kánjú, tí kò fà á:

"Ọmọ ọlọ́kọ̀ àkọ́dé,
Ó gbépo Ẹ̀jìnrìn wọ Ẹ̀pẹ́ ọ̀sà,
Ó bá onílé nílé,
Ó bá àlejò lórí ẹní,
Ó ní ẹ sún, kí n jókòó."

Mùlíkátù ni. Ọkùnrin ilé lè gbàgbé oríkì ara rẹ̀, ìyàwó tó ń fi í kí i lójoojúmọ́ kì í gbàgbé. Onílé ni àwọn Ìjẹ̀bú tó ni ilẹ̀. Àlejò orí ẹní ni àwọn ará Èkó tó sá wá. Ó bá wọn níbẹ̀. Kò sí ọmọ kékeré nínú gbọ̀ngàn náà tí kò yé.

Àwọn ìyàwó Ilé Ọlọ́kọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn aṣọ náà, àgbà àti ọ̀dọ́. Gbogbo wọn ló mọ oríkì náà tán. Wọ́n kọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ wọn bí Mùlíkátù ṣe kọ́ ọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá a gbè é. Lẹ́yìn ìpàdé, mélòó kan nínú wọn fa Munawwarah sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní inú àwọn ń bá ìyá rẹ̀ kì í.

"Inú," ni Munawwarah wí, ó sì kọjá lọ.

Àwọn ará ilé kejì náà wá dúpẹ́, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò dání. Ó dá a padà fún wọn. "Mi ò gbè yín lẹ́yìn. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ tiyín. Ká ní ìgbìmọ̀ bi mí, ǹ bá sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n gbé ọtí wọn lọ. Alhaji Saheed ló jẹ Baba Àdínì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Alhaji Lùkúmàn ní kí Mùlíkátù kó jáde. Munawwarah gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Ìkòròdú. Ìyá rẹ̀ kó aṣọ, ìkòkò, àti irin ààrò rẹ̀. Ó tu koríko ibojì ọkọ rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, ó fọ ọwọ́, ó wọ iwájú ọkọ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ní Ìgbògbò, ó mọ ààrò sí ẹ̀yìnkùlé kí ó tó tẹ́ ibùsùn. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń ti Agric àti Ìjẹ̀dẹ̀ wá ra ẹja rẹ̀. Ó ń sunkún nígbà mìíràn. Munawwarah kì í ní kó má sunkún.

Ìwé náà jáde. Kò sí orúkọ Ilé Ọlọ́kọ̀ nínú rẹ̀, kò sí Ẹ̀pẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó ti fi gbólóhùn kan kún orí tó sọ nípa àrékérekè àwọn àlùfáà: pé ẹni tó bá fi ìdajì ọ̀rọ̀ sínú kò fi í pamọ́ fún Ọlọ́run, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ló fi í pamọ́ fún, ẹni náà ló sì jẹ ní gbèsè rẹ̀. Wùnmí ka ibẹ̀, ó ní ó le jù. "Ó yẹ kó le," ni Munawwarah dáhùn.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀ kó parí, Alfa Qamardeen wá sí Ìgbògbò. Ó gbé àpò ìrẹsì kan dání. Ó bá Munawwarah àti ìyá rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá.

"Alhaji ló rán mi. Wọ́n ní ilé ò dùn mọ́. Wọ́n ní kí Màmá padà bọ̀ nílé, yàrá wọn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣẹlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tán. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wí?"

Mùlíkátù yí ẹja kan. Ó wo ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Rárá o, Alfa," ni Munawwarah wí. "Gbé ìrẹsì rẹ dání bí o bá ń lọ. Ní kí wọ́n wá fúnra wọn. Ní kí wọ́n wí i tán."